Ẹ dín àpò kù, ẹ̀yìn àwọn alábàárù ń kán

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ló ń bí mi tí mo fi kọ lẹ́tà yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní ọjà kan ní Kàbà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé àpò gàrí gun pákó tí wọ́n fi ti ẹ̀yìn tírélà. Àpò yẹn ti kún dé ẹnu, wọ́n tún ki gàrí lé e, wọ́n wá fi okùn hun orí rẹ̀ bí àwọ̀n kó má baà dànù. Àárín pákó lọmọ náà dé tí orúnkún rẹ̀ fi yẹ̀. Òun àti àpò jọ balẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹni tó ni ẹrù ni pé, "Ṣé àpò mi ò bẹ́?" Ọmọ ọlọ́mọ wà nílẹ̀ tí kò lè dìde, àpò ni wọ́n ń béèrè.

Gbogbo àwa tí a ń ná ọjà nílẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogí, láti Ìyàrá títí dé Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, la mọ̀ pé kì í ṣe òní ló ti bẹ̀rẹ̀. Ti ìgbà kajú ló burú jù. Àpò kajú tó wọn 80 kílò, ọrùn ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé e kà, òṣùká aṣọ lásán ló wà láàárín. Bẹ́ẹ̀ sì ni sìmẹ́ńtì ń ti Obajana jáde lójoojúmọ́ lẹ́bàá wa níbí, 50 kílò ni àpò rẹ̀. Bí òkúta lílọ̀ bá lè wọ inú àpò 50 kílò, kí ló dé tí oúnjẹ kò lè wọ̀ ọ́? Láti 1967 ni àjọ ILO tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lágbàáyé ti dámọ̀ràn pé ẹrù tí àgbà ọkùnrin kan yóò dá gbé kò yẹ kó ju 55 kílò lọ. Obìnrin tiẹ̀ wà nínú àwọn alábàárù wa.

Ẹ wo àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Ẹrù wúwo máa ń tẹ ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn. Bí ó bá yọ, tó lọ tẹ iṣan, ìrora á gba ìdí sọ̀ kalẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ìpá ń yọ sí wọn, wọ́n á fi aṣọ dì í mọ́ra, wọ́n á padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìpá tí ìfun bá há sínú rẹ̀ sì lè pa èèyàn bí wọn ò bá tètè ṣe iṣẹ́ abẹ. Oògùn ìrora ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń ṣínu, ìyẹn náà sì ń dá ọgbẹ́ sí wọn nínú. Bàbá ọmọ kan wà ládùúgbò wa tí kò tíì pé ogójì ọdún, kò lè bẹ̀rẹ̀ gbé ọmọ rẹ̀ nílẹ̀ mọ́.

Àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ wa ńkọ́? Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí wọ́n fi ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọjà. Wọ́n á gba ti àpò, wọ́n á gba ti ọkọ̀. N kò rí ọ̀kan nínú wọn rí tó bi alábàárù pé ẹ̀yìn rẹ ńkọ́. Àpò náà ni wọ́n ń béèrè! Òfin wà láti 2010 pé kí òṣìṣẹ́ tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́ rí owó gbà, agbanisíṣẹ́ ló sì ń dá owó náà. Ṣùgbọ́n ta ni agbanisíṣẹ́ alábàárù? Ẹni tó ni ẹrù á ní òun ò gbà á síṣẹ́, onímọ́tò á ní kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ òun.

Èmi tí mò ń ta gàrí mọ ohun tó ń mú àpò sanra. Iye àpò ni ọkọ̀ fi ń gbowó, òun náà ni onítíkẹ́ẹ̀tì ń kà, orí àpò kọ̀ọ̀kan ni alábàárù sì ti ń gba tirẹ̀. Ẹni tó bá ki àpò méjì sínú ẹyọ kan ti jẹ èrè. Nítorí náà, kí ìjọba gbé òṣùwọ̀n sí gbogbo ọjà ńlá, kó jẹ́ pé kílò la ó máa fi san owó ọkọ̀, owó tíkẹ́ẹ̀tì àti owó alábàárù. Bí àǹfààní kíkì bá ti kúrò, kí wọ́n wá fòfin dé àpò tó bá ju 50 kílò lọ. Alábàárù kò ní pàdánù, torí kílò tó gbé náà ni yóò gbowó lé. Àgbẹ̀ pàápàá yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà tó ń mú àpò gbàǹgbà wá sóko tí wọ́n á ní àpò kan ni.

Kí wọ́n fún wọn ní kẹ̀kẹ́ ìfẹrù. Kí wọ́n tún ọ̀nà ṣe pẹ̀lú: wọ́n ti da kọnkéré sí ọ̀nà Obajana sí Kàbà, ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀nà ò ti dára, tí ọkọ̀ bá rì, ẹrù tí wọ́n ti dì ni wọ́n tún máa sọ̀, tí wọ́n á tún dì.

Kajú kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í já. Kó tó di ìgbà náà, kí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ wa pe oníṣòwò, onímọ́tò àti àwọn alábàárù jókòó lórí ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n yìí.

Èmi ni tiyín,
Ìyá oníṣòwò gàrí kan,
Ìyàrá, Ìjùmú.