Mo Ti Ta Chevelle Náà

Michigan,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Ọ̀wàrà.

Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyá Ìbejì ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Òtútù ti ń yọjú, ewé ti wọ́ kún gbogbo àgbàlá, orúnkún mi sì ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ tó máa ń bá mi rò lọ́dọọdún.

Òótọ́ ni ohun tí o gbọ́. Mo ti ta Chevelle náà, ọkọ̀ ọdún 1970 yẹn. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, torí èmi àtìwọ la jọ fà á jáde nínú abà yẹn ní 2003, nínú yìnyín, tí irin gé ọ níka, tí o wá ń ṣépè fún mi bí ẹni pé èmi ni mo rọ irin náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé fóònù láti pè ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé e sílẹ̀. Bí mo bá ń sọ ọ́ lẹ́nu, wàá máa já lu ọ̀rọ̀ mi. Jẹ́ kí n kọ ọ́.

Nígbà tí o dé Michigan, àrùn yìí ti wọ̀ mí lẹ́gungun, nítorí náà o ò mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Oṣù Ògún 1984 ni. Mi ò tíì pé ọdún kan nílùú yìí, mo dúró de bọ́ọ̀sì ní òpópónà Woodward. Etí mi ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Ìró kan ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, ó kì, ó rinlẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá ń lu ìyá ìlù lábẹ́ ilẹ̀. Mo rò pé ọkọ̀ akẹ́rù ni, àfi bí Pontiac GTO pupa kan ṣe wá dúró níwájú mi nígbà tí iná dá a dúró. Bàbá arúgbó kan ló ń wà á, ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó ń lá áísìkíríìmù. Ọkọ̀ náà kàn dúró síbẹ̀ tó ń mí ni, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tí iná yí sí àwọ̀ ewé, bàbá náà wò mí, ó ṣẹ́jú sí mi, ó tẹ̀ ẹ́. Bọ́ọ̀sì mi dé, ó sì lọ. Mi ò rántí wọ̀ ọ́.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo wá mọ̀ pé ọjà irú ọkọ̀ alágbára bẹ́ẹ̀ ti tú kí n tó dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1963, General Motors fòfin dè é pé kí ẹ̀ka rẹ̀ kankan má lọ́wọ́ sí eré ìje mọ́. Pontiac rèé, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka náà, orúkọ eré ni wọ́n fi ń ta ọkọ̀. John DeLorean, ọ̀gá ẹnjiníà Pontiac, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá rò ó pé bí àwọn ò bá lè sáré lórí pápá, àwọn á gbé eré náà fún ẹni tó ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n mú ẹ́ńjìnnì 389 (nọ́ńbà yẹn ni ìwọ̀n àyè inú ẹ́ńjìnnì ní íńṣì kúbíìkì) tó jẹ́ ti ọkọ̀ ńlá, wọ́n gbé e sínú Tempest tó kéré sí i. Òfin iléeṣẹ́ ní 330 ni òpin fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n Ìjàpá tí wọ́n dá ni pé wọn ò pe GTO ti 1964 ní ọkọ̀ tuntun, wọ́n ní ohun tí oníbàárà lè fi kún Tempest rẹ̀ ni. Ó tà bí àkàrà òwúrọ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo Detroit fi gba ọ̀nà yẹn, títí dé 1970. Lẹ́yìn náà ni àwọn oníṣòwò ìbánigbófò bẹ̀rẹ̀ sí í bu owó gọbọi lé ọ̀dọ́ tó bá ra irú rẹ̀, òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ dé, General Motors dín agbára ẹ́ńjìnnì wọn kù ní 1971 kí wọ́n lè máa lo epo tí òjé inú rẹ̀ kéré, ìgbà tí àwọn ará Lárúbáwá sì ti epo pa ní 1973, ó parí. Nígbà tí èmi fi máa dé, àgbà ọkọ̀ amu-epo-bí-ọtí ni gbogbo wọn jẹ́ lójú ará ìlú. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọmọ ilé ìwé bíi tèmi lè rà á.

Mo rà á ní 1988, GTO 1966, $2,300, gbogbo owó tí mo ní láyé. O mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ, torí o ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó. Lọ́dún 1966, Pontiac sọ GTO di ọkọ̀ tó dá dúró, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ara rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 242. Tèmi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 237. Le Mans ni, ọkọ̀ Pontiac lásán tó jọ GTO. Ẹni tó tà á fún mi ra àmì GTO, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níwájú àti lẹ́yìn, bí ẹni tó dé adé fún ìránṣẹ́ ààfin. Ká ní ọkọ̀ 1965 ni, nọ́ńbà yẹn ì bá má tiẹ̀ sọ nǹkan kan fún mi, torí 237 ni GTO tòótọ́ náà ń lò nígbà yẹn. Odindi ọdún kan ni mo fi ń gun ayédèrú káàkiri, tí mo ń gbéra ga. Ọjọ́ tí bàbá mẹkáníìkì kan tẹ̀ba wo nọ́ńbà náà, tó rẹ́rìn-ín tó fọwọ́ bo ẹnu, mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Ṣùgbọ́n ayédèrú yẹn ló kọ́ mi níṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì 326 tó wà nínú rẹ̀ kú ní 1991. Mo lọ sí ibi tí wọ́n ń kó àlòkù sí, mo yọ 455 lára Bonneville 1970 kan tí ìpẹtà ti jẹ. Ohun tó dùn nínú Pontiac ni pé ìta ẹ́ńjìnnì wọn kò yàtọ̀: 326, 389, 455, ibi kan náà ni gbogbo wọn ń jókòó sí. Kò sí ohun tí mo gé, kò sí ohun tí mo fi iná jó. Kò sì sẹ́ni tó máa bínú pé mo ba ohun àtayébáyé jẹ́, torí kò sí ohun àtayébáyé níbẹ̀. Mo gbé e lọ sí pápá eré ìje Milan, mo rí ìdámẹ́rin máìlì fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ bàtà 1,320, títọ́ bí ọ̀pá. Mo tẹ̀ ẹ́ kí iná tó yọ̀ǹda, iná pupa tàn, wọ́n lé mi kúrò. Inú mi dùn bí ẹni tó jẹ oyè.

Ìwọ máa ń bá wa lọ sí Milan, o máa ń sùn nínú ọkọ̀ akẹ́rù, o sì máa ń jí bi mí pé, “Ẹni tó kọ́kọ́ dé kọ́ ló jẹ ni?” Jẹ́ kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, torí wàá nílò rẹ̀ nísàlẹ̀. Wàá fi pólíìṣì bàtà funfun kọ ìṣẹ́jú àáyá tí o gbà pé ọkọ̀ rẹ máa lò sára gíláàsì. Bí tìrẹ bá jẹ́ 13.20, tí ti ẹnìkejì jẹ́ 11.90, wọ́n á jẹ́ kí ìwọ kọ́kọ́ lọ, kí òun máa lé ọ. Iná mẹ́ta aláwọ̀ òféèfèé á tàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá láàárín wọn, kí àwọ̀ ewé tó yọ. Ẹni tó bá lọ kí àkókò tó tó ti jìyà. Ẹni tó bá sì sáré ju iye tó kọ lọ, òun náà ti jìyà. Mo mọ̀ pé o ti ń mi orí. Eré tí wọ́n ti ń fìyà jẹni nítorí pé ó yára: ìyẹn ló mú mi lọ́kàn, torí ẹni tó mọ ọkọ̀ rẹ̀ ló ń jẹ, kì í ṣe ẹni tó lówó jù.

Àwọn yòókù wá, wọ́n sì lọ. Road Runner 1968 tó ní fèrè tó ń dún “bíìp-bíìp”, tí gbogbo ọmọ àdúgbò fẹ́ràn, òun ló san owó ilé ẹ̀kọ́ àkọ́bí mi ní 2011. Mi ò kábàámọ̀. Àdéhùn tí èmi àti ìyá àwọn ọmọ ṣe ni pé ọkọ̀ kankan ò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ ọmọ, bí ebi bá sì dé, ọkọ̀ ni a ó pa jẹ.

Chevelle nìkan ni mo ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. O rántí, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí a gbé e dé ilé, a sọ táńkì epo kalẹ̀, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà yẹn, ń tan tọ́ọ̀ṣì fún wa. Òun ló ní, “Dádì, ìwé kan wà lókè táńkì yìí.” Ìwé tí wọ́n kọ gbogbo ẹ̀yà ọkọ̀ náà sí ní iléeṣẹ́, tí eku ti jẹ igun kan. Ibẹ̀ la ti rí LS6. Ẹ́ńjìnnì 454, agbára ẹṣin 450, ọdún 1970 nìkan ni wọ́n tà á nínú Chevelle. A sáré lọ nu ọ̀rá kúrò níwájú búlọ́ọ̀kù, a rí CRV, àmì tí wọ́n fi ń dá LS6 mọ̀, a rí nọ́ńbà tó bá ti ara ọkọ̀ mu. Ìwọ lo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí o ń sọ pé, “Àwa tọ́rọ́ kọ́bọ̀, a rí wúrà.”

Ọdún mẹ́fà ni mo fi tún un ṣe. Mo parí rẹ̀ ní 2009. Láti ìgbà náà dòní, Bàbá Ìbejì, máìlì 212 ni mo wà á. Bí òjò bá ṣú, kò ní jáde. Bí wọ́n bá da iyọ̀ sójú títì, kò ní jáde. Bí oòrùn bá mú jù, ọ̀dà rẹ̀ ńkọ́? Àwọn tó láyà jù mí lọ ń gbé irú rẹ̀ lọ sáré ní pápá Stanton lọ́dọọdún, táyà aláìlágbára bíi ti ayé àtijọ́ ni wọ́n sì ń lò. Èmi ò lè ṣe é. Bí irin kan bá já nínú, tó sì lu búlọ́ọ̀kù yẹn jáde, nọ́ńbà ibẹ̀ ti di ìtàn. Mo kàn máa ń ká aṣọ rẹ̀ sókè lálẹ́ Sátidé, mo wò ó, mo bò ó padà. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, “Èyí tí kì í jáde yìí, ṣé ọkọ̀ ni àbí òrìṣà?” Mo wá èsì tì.

Láàárín gbogbo ìgbà yẹn, Le Mans ayédèrú ni a ń gbé lọ sí Milan. Òun ni mo fi kọ́ ọmọ mi bí a ṣe ń wakọ̀, òun ló sì ń wà sáré báyìí. Ó sàn jù mí lọ. Mi ò sọ ìyẹn láti pọ́n ọn. Ìwé ìsáré wa wà lọ́wọ́ mi: èmi máa ń pẹ́ kí n tó kúrò lójú kan, ojú mi ń rí iná, ẹsẹ̀ mi ń gba ìsinmi. Tirẹ̀, kí iná ewé tó tàn tán, ó ti lọ.

Lóṣù tó kọjá, a dé ìpele tó ku ẹni mẹ́rin. Ó kọ 13.20 sára gíláàsì. Mo ní kó kọ 13.15, torí afẹ́fẹ́ ti tutù, ẹ́ńjìnnì sì fẹ́ràn òtútù. Ó ní, “Dádì, èmi ni mò ń wà á.” Ó kúrò bí ẹyẹ. Ọkọ̀ tó ń lé e ń bọ̀ bí ìjì, ṣùgbọ́n kò lé e bá, gbogbo wa pariwo. Ni iná ẹni tó jẹ bá tàn sí ọ̀nà ẹnìkejì. Ó ti sáré 13.17. Ó yára jù ní ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Ó padà dé, ó yọ àṣíborí, òógùn bò ó lójú, kò wo ojú mi. Ó ní, “Má sọ ọ́.” Mi ò sọ ọ́. Ẹ̀rín ló pa wá débi pé a jókòó sórí táyà.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pe ọkùnrin ará Ohio tó ti ń bẹ̀ mí láti ọdún méjì. Ó wá pẹ̀lú tírélà tó ní òrùlé. Mo fún un ní ìwé táńkì náà nínú gíláàsì, mo fún un ní kọ́kọ́rọ́. Mi ò ní kọ iye tó san sínú lẹ́tà, ṣùgbọ́n gbèsè ilé wa ti tán, ìyá àwọn ọmọ sì ti lọ kun pálọ̀ láìbi mí. Ìpín tìrẹ wà nílẹ̀. Má bá mi jiyàn, ìka rẹ ló sanwó rẹ̀. Sọ ọ̀nà tí mo lè gbà fi í ránṣẹ́.

Gáréèjì ṣófo ní apá ọ̀tún. Le Mans ń jo epo lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ọmọ mi sì ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa sọ ọ́ kalẹ̀, kí yìnyín tó dé. Mo ti kó gbogbo irin-iṣẹ́ jáde, mo kà á. Sípánà 9/16 mi ò sí níbẹ̀. O fi í sápò ní 2003, lọ́jọ́ abà yẹn, mo rí ọ. Bí o bá ń bọ̀, mú un dání.

Bá mi kí Ìyá Ìbejì dáadáa, kí wọ́n má bínú pé n kì í pè.

Èmi ni,
Bàbá Ayédèrú, bí o ṣe máa ń pè mí.