Sí Àbẹ̀kẹ́, lórí "kí sójà padà wá" tó o kọ

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Mo rí nǹkan tó o kọ sórí status ẹ lálẹ́ àná, pé dẹmọ́kírésì yìí ò wúlò, ó sàn kí sójà kan padà wá kó gbogbo wọn dànù. Mo kọ́kọ́ fẹ́ pè ẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé tí mo bá pè, ìjà la máa fi parí ẹ̀, torí náà mo ní kí n kúkú kọ ọ́, kó o kà á nígbà tínú ẹ bá rọ̀.

Mi ò ní sọ pé irọ́ lò ń pa, pé ara ò ni ẹ́. Ara ń ni èmi náà. Àmọ́ wọ́n bí ẹ lẹ́yìn 1999, o ò mọ ohun tó ò ń pè. Nígbà ayé sójà, bàbá ẹ kì í sọ̀rọ̀ ìjọba nínú ilé láì kọ́kọ́ yí rédíò sókè, kí ẹni tó bá ń gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kọjá má baà gbọ́ nǹkan tá à ń sọ. Sójà lọ tán, ó lé lọ́dún méjì tó ṣì ń ṣe é, tẹ́nì kan bá ti dárúkọ ìjọba báyìí, ọwọ́ ẹ̀ ti dé ìdí rédíò, òun fúnra ẹ̀ ò ní mọ̀.

Jẹ́ n sọ ti Gambia fún ẹ, tiwọn ò tíì pẹ́. July 1994 ni Yahya Jammeh gbàjọba, sójà ọmọ ọdún 29, ó ní òun wá palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́ ni (ṣé o rí i, ohun tó o kọ gan-an ni), ọdún 22 ló lò nídìí palẹ̀mọ́ ọ̀hún. Ohun tó lé e lọ sì ń pa mí lẹ́rìn-ín títí dòní. Àwọn ará ibẹ̀ kì í fi bébà dìbò, bọ́ọ̀lù gíláàsì kékeré tọ́mọdé fi ń ṣeré ni wọ́n ń lò. Ẹni tó ń du ipò kọ̀ọ̀kan ní dúrọ́ọ̀mù tiẹ̀, wọ́n kùn ún, wọ́n lẹ fọ́tò mọ́ ọn, wàá ju bọ́ọ̀lù ẹ sínú èyí tó wù ẹ́, á lu agogo kan nínú lọ́hùn-ún, gbin! Ẹ̀ẹ̀kan ni. Àwọn tó wà níta ń gbọ́, tó bá dún lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ti mọ̀ pé o fẹ́ ṣe màgòmágó. Wọ́n tiẹ̀ máa ń lé kẹ̀kẹ́ jìnnà síbẹ̀ lọ́jọ́ ìdìbò nítorí agogo ẹ̀. Ní December 2016, ojú ibi tí wọ́n ti dìbò gan-an ni wọ́n ti kà á, wọ́n da bọ́ọ̀lù sórí pátákó tó ní ihò 200 tàbí 500, tí ihò bá ti kún, iye ti pé nìyẹn, gbogbo ojú ló ń wò ó. Kò sí pé ẹnì kan gbé èsì wọ yàrá lọ kó tó gbé e jáde. Jammeh fìdí rẹmi. Ó pe Adama Barrow tó borí ẹ̀ lórí fóònù, ó kí i kú oríire lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò tó ọjọ́ mẹ́wàá tó yí ohùn padà, ó ní òun ò gba èsì náà mọ́. Ẹ́ḿbásì wọn ní Dakar, ní Senegal, ni wọ́n ti búra fún Barrow ní January 19, 2017, àwọn ọmọ ogun ECOWAS wọlé, January 21 ni Jammeh tó wọ bàálù lọ.

Tó bá jẹ́ fíìmù ni, ibẹ̀ ni wọ́n máa kọ "ó parí" sí. Àmọ́ ibẹ̀ niṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àdéhùn tí Barrow bá àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe ni pé ọdún mẹ́ta lòun máa lò. Ó lo márùn-ún, ó tún dá ẹgbẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀, ó tún wọlé. Òfin gbà á láyè lóòótọ́, kò fìbọn gba nǹkan kan, ṣùgbọ́n àdéhùn ńkọ́? Wọ́n kọ ìwé òfin tuntun, ó dé ilé aṣòfin ní September 2020, kò ríbò tó, ọ̀kan nínú ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ ni bóyá kí wọ́n ka sáà tí Barrow ń lò lọ́wọ́ mọ́ ọn tàbí kí wọ́n má kà á. Báyìí ni wọ́n ṣe ṣì ń lo ìwé òfin 1997, ti ayé Jammeh. Má sì rẹ́rìn-ín wọn o, tiwa tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Àwa ará Nàìjíríà" yẹn, sójà ló fọwọ́ sí i ní May 1999, ta ló bi èmi?

Àmọ́ wo nǹkan míì tí àwọn ará Gambia ṣe. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lórí ìwà ìkà ayé Jammeh, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹjọ́ ní gbangba ní January 2019. Oníròyìn kan wà tó ń jẹ́ Deyda Hydara, wọ́n yìnbọn pa á nínú mọ́tò ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan ní December 2004, ọdún mẹ́rìnlá gbáko kò sẹ́ni tó jẹ́jọ́ lórí ikú ẹ̀. July 2019, sójà kan jókòó síwájú ìgbìmọ̀ yẹn, wọ́n ń bi í ní ìbéèrè ọ̀kan tẹ̀lé òmíì, ó sì ń jẹ́wọ́ pé òun wà nínú àwọn tó yìnbọn. Àwọn èèyàn ń wò ó lórí fóònù. Mo wo díẹ̀ nínú ẹ̀, mi ò lè sùn. Sójà tó o ní kó padà wá yẹn, ta ló máa ní kó jókòó sórí àga dáhùn ìbéèrè?

Tó o bá rò pé àsọdùn ni, wo Tunisia. Nínú àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá, àwọn ló kọ́kọ́ lé ààrẹ tó ń fi tipá ṣèjọba lé wọn lórí lọ ní 2011, gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Nǹkan wá le, àwọn aṣòfin ń bára wọn jà, ó sú aráàlú, bó ṣe sú ẹ yìí náà. July 25, 2021, ààrẹ wọn Kais Saied ti ilé aṣòfin pa, àwọn èèyàn sáré jáde sígboro, wọ́n ń jó. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta kò ó ti wà lẹ́wọ̀n báyìí. Kò sì yìnbọn kankan o, ó ṣáà ti rẹ aráàlú ni.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe ò le. Ẹni tó o dìbò fún ni kó o máa ṣọ́ jù, igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, má fojú "tiwa ni" wò ó. Tí wọ́n bá dìbò tán, má sáré wálé, dúró kí wọ́n kà á lójú ẹ, kó o ya fọ́tò bébà tí wọ́n kọ èsì sí. Mo mọ̀ pé oòrùn máa ń mú, wọ́n sì máa ń fi nǹkan falẹ̀. Dúró ṣá. Kó o sì wá bí wọ́n ṣe ń darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ bíi tìẹ ní, kódà bí ìpàdé wọn bá ń sú èèyàn, torí níbẹ̀ lèèyàn ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ láì gbọ̀n.

Status yẹn, mi ò ní kó o yọ ọ́, tìẹ ni. Bàbá ẹ náà ti rí i. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn dìde, ó lọ yí rédíò sókè.

Èmi ìyá ẹ