Lẹ́tà Ìparí Sáà Kejì sí Àwọn Òbí: Ọ̀rọ̀ Ẹrù Inú Àpótí

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ sì kú ìnáwó. Mo kí yín láti Òṣogbo. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a jèrè àwọn ọmọ wa.

Ìdánwò ti parí, káàdì èsì ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Àwọn SS3 ń múra WAEC. Àwọn JSS2 lọ sí Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, wọ́n sì dé láyọ̀. Ẹgbẹ́ aláró wa ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi yìn dáadáa. Ìlú aró ni Òṣogbo. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń dùn mí pé ọmọ ń kàwé níbí láìmọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ní báyìí, wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà sára aṣọ funfun pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún, kí wọ́n tó rì í sínú aró. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló wà lójú fèrèsé ilé oúnjẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ àpótí tí àwọn ọmọ ń gbé wá sí ilé ibùgbé ilé-ẹ̀kọ́ wa. Páwà báǹkì tí ọmọ kan fi pamọ́ wú, ó sì gbiná lábẹ́ ìrọ̀rí lóru. Iyanrìn ni ìyá ilé fi pa á. Kò sí ọmọ tó fara pa, ṣùgbọ́n fóòmù jó dé àárín. Ìdí nìyẹn tí a fi tú gbogbo àpótí, tí a sì gba àwọn ẹrù kan.

Àwọn òbí kan pè mí pẹ̀lú ìbínú pé a fi ojú olè wo ọmọ wọn, pé owó àwọn ni àwọn fi ra ẹrù tí a gbà. Mo gbọ́, ó sì yé mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ojú ara mi rí. Nínú àpótí kan, bàtà mẹ́fà àti lọ́fíńdà márùn-ún ló wà níbẹ̀. Kò sí ọṣẹ ìfọṣọ, kò sí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni ọmọ náà ti ń yá garawa ẹnìkejì rẹ̀, bàtà kan ṣoṣo sì ni ẹni tó ń yá a ní.

Ohun tí a fi ń yẹ ẹrù wò kò le: bí kò bá sí i fún ọ̀sẹ̀ kan, ṣé ara ọmọ, ẹ̀kọ́ rẹ̀ tàbí ìmọ́tótó rẹ̀ yóò jìyà? Garawa, kúbúsù, nẹ́ẹ̀tì, ọṣẹ, oògùn tí dókítà kọ: ìwọ̀nyí kò ṣeé fi sílẹ̀. Bàtà kẹta, ẹ̀ṣọ́ ọrùn, fóònù: ẹ fi wọ́n sílé. A kì í sì í fi ojú kan náà wo gbogbo nǹkan. Wọ́n gba ìró gbígbó ìyá àgbà lọ́wọ́ ọmọ JSS1 kan nítorí pé kò sí lórí ìwé ẹrù tí a fọwọ́ sí. Òun ló fi ń bora sùn láti ọjọ́ tí màmá náà ti kú. Èmi fúnra mi ni mo dá a padà fún un.

Mi ò ní yí ìpinnu yìí padà. Láti sáà tó ń bọ̀, ẹnu géètì ni a ó ti máa tú àpótí, níṣojú ẹ̀yin òbí. Àwọn ẹrù tí a gbà wà ní ọ́fíìsì mi. Kí òbí fúnra rẹ̀ wá gbà á, ẹ má rán ọmọ. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìwọlé tó wà lórí káàdì ni a ó ti géètì.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá Ilé-ẹ̀kọ́