Ohunkóhun Tí Ìwọ Bá Ná Kún Un

Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn
Ibi kíkà: Lúùkù 10:30–35

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa, a kú orí ire pé a rí ọdún 2021. Ẹlòmíì tí a jọ bẹ̀rẹ̀ 2020 kò sí mọ́. Kí Ọlọ́run tu àwọn ará ilé wọn nínú. Àrùn Kòrónà náà tún ti ń gbérí, nítorí náà ẹ má tíì bọ́ ìbòmú yín sílẹ̀.

Láti ìgbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti dá ìyanṣẹ́lódì dúró lọ́jọ́ 23 oṣù Kejìlá ni àwọn òbí ti ń tọ̀ mí wá. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yunifásítì ìjọba fi jókòó sílé. Inú àwọn òbí dùn pé ilé ìwé fẹ́ wọlé, ṣùgbọ́n bí a bá ti kí ara wa tán, ohùn wọn á lọ sílẹ̀: "Pásítọ̀, kí la fẹ́ fi rán an padà?" Ìbéèrè yìí ló gbà mí lọ́kàn tí mo fi ń kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ yìí, mo sì fẹ́ kí gbogbo wa jọ fi owó dáhùn rẹ̀.

Ẹ kúkú mọ bó ṣe rí. Alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ni ìsémọ́lé bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó. Ọ̀pọ̀ wa ní Ìkòròdú níbí, ohun tí a bá pa lóòjọ́ la fi ń jẹun. Ẹni tó ń wa dáńfó láti Gáréèjì lọ sí Kẹtu kò rí èrò gbé. Aránṣọ kò rí aṣọ rán, torí kò sí òde. Ẹni tó ń se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ní Odógùnyàn kó ìkòkò rẹ̀ wọlé. Owó tí wọ́n ti rọra tọ́jú fún ilé ìwé ọmọ ni wọ́n fi ra gàrí àti ìrẹsì, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni wí, torí ọmọ ní láti jẹun kó tó kàwé. Ilé Ọlọ́run pàápàá wà ní títì títí di oṣù Kẹjọ, àpò ìjọ náà sì gbọgbẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ẹgbẹ́ akọrin wa ti wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì kí ìgbà yìí tó dé. Ó gba ọ̀kadà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń san owó fún lálaalẹ́, ó sì ń gbé èrò láàrin Sábó sí Odógùnyàn. Mo pè é lẹ́yìn Kérésìmesì pé ó ti tó àsìkò láti palẹ̀ mọ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Sà, tí mo bá lọ, ta ni yóò máa fún màámi lówó ọbẹ̀?" Ọmọ tó ní àpọ́nlé ni o. Ọjà tí ìyá rẹ̀ ń tà ti wọlẹ̀ nígbà ìsémọ́lé, owó ọ̀kadà yìí ni gbogbo ilé sì ń jẹ. Ojúṣe ló dì í mú. Bí a bá kàn san owó ilé ìwé fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí a kò wo ìyá rẹ̀, kò ní lè lọ, bó bá sì lọ, ọkàn rẹ̀ kò ní sí níbẹ̀.

Àwọn tí ilé ìwé wọn kò tilẹ̀ yanṣẹ́ lódì náà kò rójú. Mo yà kí ìdílé kan ní àdúgbò Agric nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọmọbìnrin wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fóònù kékeré kan tí ojú rẹ̀ ti sán ló ń lò. Ó fi okùn so ó mọ́ irin fèrèsé, torí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé. Òun fúnra rẹ̀ wà lórí ìdúró, ó fi ìwé rẹ̀ ti ògiri, ó ń sáré kọ ohun tí olùkọ́ ń sọ. Kò pẹ́ ni ohùn olùkọ́ dákẹ́: dátà ti tán. Ó tú okùn náà, ó ká a sọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi pé, "Ó dọ̀la, sà." Mo ti wàásù fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n mi ò rí ọ̀rọ̀ kan sọ fún ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ tiwa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, tí àwọn kan nínú yín ní ọmọ sí, ìṣirò tó jáde ní oṣù Kejìlá fi hàn pé iye àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì àti kọ́lẹ́jì ní sáà tó bẹ̀rẹ̀ nígbà ìwọ́wé 2020 fi 13.1 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti ọdún tó ṣáájú. Àwọn kọ́lẹ́jì ọlọ́dún méjì, tí ọmọ mẹ̀kúnnù pọ̀ sí jù, ló fara gbá jù lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ibi kíkà wa. Gbogbo wa mọ ará Samáríà yìí láti ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ó di ọgbẹ́ ọkùnrin náà, ó da òróró àti wáìnì sí i, ó gbé e gun ẹranko tirẹ̀, ó mú un dé ilé èrò. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwàásù máa ń dúró sí. Ṣùgbọ́n ẹ ka ẹsẹ 35. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó yọ owó idẹ méjì fún olórí ilé èrò, ó ní, "Máa tọ́jú rẹ̀, ohunkóhun tí ìwọ bá sì ná kún un, nígbà tí mo bá padà dé, èmi ó san án fún ọ." Nínú Mátíù 20, owó idẹ kan ni olóko ń san fún alágbàṣe lóòjọ́. Owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì péré ni ọkùnrin yìí kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Kì í ṣe owó ọlọ́rọ̀. Ohun tó tóbi níbẹ̀ ni ìlérí pé òun ń padà bọ̀, àti pé gbèsè tó bá kù, ọrùn òun ló wà.

Àwa ìjọ, a mọ bí a ti ń gbé ènìyàn dé ilé èrò. Bí ọmọ bá rí ipò gbà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà níbí, tàbí ní èyí tó wà ní Noforija l'Ẹ́pẹ́, a ó jó, a ó dá owó acceptance fún un, a ó gbàdúrà lé e lórí. Lẹ́yìn ọdún méjì, ta ló tún bi í léèrè? Ibẹ̀ gan-an sì ni wọ́n ti ń já bọ́. Ọmọ tó jẹ ilé ìwé ní gbèsè, ó lè má ju owó aṣọ ẹbí kan lọ, kò ní rí kọ́ọ̀sì forúkọ sílẹ̀ fún. Ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ kò ní jókòó ṣe ìdánwò. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún kan yóò ṣe gorí ọdún fún un, owó ilé tó yá yóò tún lé, títí ìtìjú kò fi ní jẹ́ kó gbé ìpè wa mọ́.

Inú mi dùn nígbà tí mo kà nípa Prairie View A&M, yunifásítì àwọn aláwọ̀ dúdú kan ní Texas. Obìnrin olówó kan, MacKenzie Scott, fún wọn ní 50 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún tó kọjá. Wọ́n yọ 10 mílíọ̀nù sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn tó wà ní ọdún kẹta àti ọdún tí wọ́n máa ṣe tán, àwọn tí àjàkálẹ̀ àrùn yìí sọ di ajigbèsè sí ilé ìwé. Àwọn tó ti rìn jìnnà ni wọ́n kọ́kọ́ rántí. A kò ní mílíọ̀nù dọ́là, ṣùgbọ́n a lè ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, èmi àti àwọn alàgbà ti fohùn ṣọ̀kan pé kí Àpò Ẹ̀kọ́ ìjọ wa yí ọ̀nà padà. Ọmọ tí a bá gbà, a ó bá a dé òpin: owó ilé ìwé tó kù, dátà, owó ọkọ̀, títí dé owó tí yóò fi tẹ project rẹ̀. A ó máa san owó ilé ìwé tààrà sí àpò ilé ìwé. Níbi tó bá jẹ́ pé ọmọ ló ń bọ́ ilé, a ó wá owó ọjà díẹ̀ fún ìyá tàbí bàbá, kí ọmọ lè rí àyè lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti kàwé jáde, olúkúlùkù yín yóò mú ọmọ kan, ẹ ó máa pè é lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kì í ṣe láti wàásù fún un, kí ẹ kàn mọ̀ bóyá ó ti jẹun, bóyá ó lọ sí kíláàsì.

Ohun kan wà tí mi ò ní gbà. A kò ní to àwọn ọmọ síwájú pẹpẹ, ká ní kí wọ́n kúnlẹ̀, ká máa yà wọ́n ní fọ́tò pẹ̀lú olówó tó ràn wọ́n lọ́wọ́. Bàbá kan nínú ìjọ yìí san owó ọmọ méjì ní oṣù Kẹwàá. Ó ní kí n má dárúkọ òun fún wọn, pé bí àbájáde ìdánwò wọn bá jáde, kí n fi han òun. Bó ṣe yẹ nìyẹn.

Àwọn kan ti béèrè bóyá ọmọ ìjọ nìkan ni. Rárá o. Ẹni tí wọ́n ṣe léṣe ní ọ̀nà Jẹ́ríkò kì í ṣe ẹ̀yà ará Samáríà. Nínú ilé tí ọ̀pọ̀ yín ń gbé ní Ìkòròdú yìí, Mùsùlùmí ló wà ní yàrá kejì, ọmọ wọn àti ọmọ yín ni wọ́n sì jọ lọ sí ilé ìwé. Ẹ mú wọn wá. A kò ní béèrè káàdì ìrìbọmi.

Ní ti owó rẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣe bí Pọ́ọ̀lù ti kọ́ àwọn ará Kọ́ríńtì, 1 Kọ́ríńtì 16:2: ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọ̀sẹ̀, kí olúkúlùkù fi sí apá kan gẹ́gẹ́ bí Ọlọ́run ti ṣe rere fún un. Díẹ̀díẹ̀, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró. Àpòòwé tó ní àmì ìwé lára wà lórí ìjókòó yín. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká tí kò lò mọ́, tó bá ṣì ń tàn, kó gbé e wá. Arákùnrin kan nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ akọ̀wé ìjọ. Ẹ mú ìwé gbèsè tàbí ìwé ìgbanisílé ìwé ọmọ yín dání wá síbi ẹ̀kọ́ Bíbélì ní Ọjọ́rú. Ẹni tí ojú ń tì, kó wá bá mi nílé lẹ́yìn aago méje alẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́kadà wa, ìwọ náà, mú màmá rẹ dání.

Èmi ni olùṣọ́-àgùntàn yín.