Ẹni tó bá fẹ́ rí Ẹ̀pẹ́, kó gun òkè

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ bí ogójì wá láti Èkó, wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹsẹ̀ rin Ẹ̀pẹ́ já kí àwọn lè mọ ìtàn ìlú. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́. Torí ẹja ni ọ̀pọ̀ àlejò ṣe ń wá síbí: wọ́n á rà á, wọ́n á dì í sẹ́yìn ọkọ̀, ó di gbéré.

Àṣé ẹja náà ni tàwọn yìí. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nídìí ère ẹja méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ya fọ́tò. Wọ́n tún wọ bọ́ọ̀sì, ó di etí ọ̀sà ní Marina, fọ́tò. Ọjà ẹja l'Olúwo ni mo ti bá wọn, torí mo lọ ra ọ̀bọ̀kún. Ọ̀kan nínú wọn na fóònù sójú ìyá kan tó ń gé ẹja àrọ̀, kò kí i, kò tọrọ àyè. Ìyá náà gbé ọpọ́n bojú, ó ní, "Èmi kì í ṣe ère o."

Mo bi ọmọkùnrin tó ń ṣáájú wọn pé ìgbà wo ni wọ́n máa gun òkè. Ó ní, "Á rẹ̀ wọ́n, mà. Oòrùn ti mú."

Olóòtú, òkè yẹn gan-an ni Ẹ̀pẹ́. Mi ò ní ó ga bíi ti Ìdànrè. Ẹni tó bá ti gun ti Ìdànrè á fi tiwa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nínú ìpínlẹ̀ Èkó tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní yìí, níbo lẹ tún ti ń rí irú rẹ̀? Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ti le jù. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ tó ń ti ọmọlanke omi ti máa ń dúró mí. Kí wọ́n tó jọ̀wọ́ rẹ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ fa òkúta kan sẹ́yìn táyà. Òkúta kan náà ni láti ìgbà tí mo ti gba ṣọ́ọ̀bù. Ó ti dán bí ọmọ ọlọ.

Ìlú méjì ló wà nínú Ẹ̀pẹ́. Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ti wà nílẹ̀ kí Kòsọ́kọ́, ọba Èkó nígbà kan, tó dé. Ìparí ọdún 1851 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá ọkọ̀ ogun lé e kúrò lórí oyè l'Ékòó. Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, fún un láyè níbí, òun àti Òṣòdì Tápà, olórí ogun rẹ̀, àtàwọn èèyàn wọn sì fìdí kalẹ̀. Lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, Kòsọ́kọ́ bá Campbell, kọ́ńsù tó ń ṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì l'Ékòó, tọwọ́ bọ̀wé pé òun ò ní du oyè Èkó mọ́, òun á sì jáwọ́ nínú òwò ẹrú. (Bẹ́ẹ̀ ni, òwò ẹrú. Ká má torí pé ọba ni ká máa bu ìtàn sọ.) Ọdún 1862 ló padà s'Ékòó. Ibi tí àwọn tó bá a padà tẹ̀dó sí ni Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, níbi tí Abíọ́lá ti kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ lọ́dún 1994. Àwọn tí kò bá a lọ ni Èkó-Ẹ̀pẹ́ tó ń ṣe ọdún Káyokáyo lẹ́yìn Iléyá títí dòní.

Kí n tó kúrò lọ́jà, ọmọbìnrin kan nínú wọn sọ fún mi pé Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ni wọ́n bí òun sí. Mo ní, "Ṣé o mọ̀ pé ilé lo wá yìí?" Ó rò pé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. N kò tíì ṣàlàyé débì kan tí awakọ̀ fi ń tẹ fèrè.

Tí wọ́n bá tún ń bọ̀, kí wọ́n dé kó tó di aago méje, kí wọ́n fi òkè bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì lágbára, kí wọ́n wá máa sọ̀ bọ̀ létí omi. Ọ̀sà ò ní sá lọ. Kí wọ́n bẹ àgbà kan ní Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ àti òmíràn ní Èkó-Ẹ̀pẹ́, kí kálukú sọ tirẹ̀ ní àdúgbò tirẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ò gbọdọ̀ sọ ti méjèèjì, ìjà ló ń fà. Mo mọ ohun tí mò ń wí: Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ni ìyá mi, Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni bàbá mi, àríyànjiyàn ta ló ni ilẹ̀ ò sì tán lórí àwo ìkọ́kọrẹ́ nílé wa títí wọ́n fi kú.

Ẹni tó bá rẹ̀ lágbedeméjì, bẹ́ǹṣì wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, omi tútù wà nínú àmù. Òkúta yẹn nìkan ni kí wọ́n má gbé kúrò. Àwọn ọmọ olómi ṣì ń lò ó.

Èmi ni tiyín,
Ìyá télọ̀ kan, Ẹ̀pẹ́