Àṣàkẹ́, kó o tó gbé ọkọ mi kékeré lọ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì

Àṣàkẹ́ ọmọ mi, ṣé dáadáa lẹ wà? Bàbá Àjàní ńkọ́? Ọkọ mi kékeré ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹun padà? Mo gbọ́ ohùn tó o gbà sórí WhatsApp lánàá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ torí Àjàní ń fi ṣíbí lu abọ́ nídìí ẹ̀ débi tí n ò gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ dáadáa. O ní ẹ ń lọ ìgbéyàwó àbúrò ọkọ ẹ ní Parakou, pé ilé ẹbí ti kún, òtẹ́ẹ̀lì lẹ máa sùn sí fún alẹ́ 3, o ní ẹ̀rù ń bà ẹ́ torí ìgbà tẹ́ ẹ sùn sí Kútọnu lóṣù tó kọjá, aago 3 òru ni ọmọ tó gbà fún yín, ọ̀rẹ́ ẹ kan wá ní kó o ra sírọ́ọ̀pù kan fún un kó lè sùn.

Jẹ́ n kọ́kọ́ dáhùn ìyẹn: rárá o. Sírọ́ọ̀pù ikọ́ àti ọ̀fìnkìn tó máa ń jẹ́ kí oorun kun èèyàn yẹn, oògùn àìsàn ni, bó bá pọ̀ jù lára ọmọdé ó lè ṣe èémí ẹ̀ ní jàǹbá, àwọn ọmọ kan sì wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá mu ú, ńṣe lojú wọn á là kedere tí wọ́n á máa sáré kiri bí ẹni tí èèrà wọ̀ láṣọ. Bó bá ń wúkọ́ lóòótọ́, gbé e lọ bá dókítà. Ọ̀rẹ́ ẹ yẹn, kó máa fi ìmọ̀ràn ẹ̀ ta gàrí.

O mọ̀ pé ọdún 14 ni mo fi tún yàrá ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì ní Kútọnu kí n tó padà wá sí Kétu. Láàárọ̀, bí mo bá ti ṣílẹ̀kùn báyìí, kí ìyá ọmọ tó kí mi ni mo ti mọ̀ bóyá ọmọ sùn. Yàrá tí ọmọ ò ti sùn, ìrọ̀rí á wà nílẹ̀, tẹlifíṣọ̀n á ṣì máa sọ̀rọ̀ fún ara ẹ̀, ìyá á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Ìyẹn tí ọmọ ti sùn, aṣọ kékeré kan tó ti gbó á wà lórí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ ilé, ọmọ á dì í mú. Ó pẹ́ kó tó yé mi. Àwọn tó gbé ilé wọn lọ́wọ́ wá lọmọ wọn ń sùn, àwọn tó gbé báàgì nìkan wá ni wọ́n ń rìn káàkiri kọ́rídọ̀ lóru.

Àbí kí n ní ìwọ lo kọ́kọ́ kọ́ mi, n ò kàn mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni. Lọ́dún 1995, o ò tíì pé ọdún méjì, èmi àti bàbá ẹ gbé ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Kútọnu, ìgbà yẹn ó ṣì ń kó èrò lọ sí Parakou, kìlómítà 438, àárọ̀ la kúrò, ilẹ̀ ti ń ṣú ká tó dé. Gbogbo ọ̀nà lo sùn. Ní Ṣábẹ̀ẹ́ wọ́n ń na iṣu sísè àti wàrà sí wa lójú fèrèsé, àwọn obìnrin ń pariwo owó, ọkọ̀ ń fọn fèrè, o ò mira. Inú mi dùn, mo ní ọmọ yìí ṣàánú mi. Àṣé oorun alẹ́ lò ń jẹ tán lọ́sàn-án! A dé òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan, n ò ní dárúkọ ẹ̀, aago 8 alẹ́ ojú ẹ ń tàn bí ojú ológbò. Bàbá ẹ ní ká jẹ́ kó o ṣeré dáadáa, pé bó bá ti rẹ̀ ẹ́ tán wàá sùn fọnfọn. Mo gbà. Aago 9, aago 10. O bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lásán, ò ń sáré láti ògiri kan dé ìkejì, lẹ́yìn náà lo bú sẹ́kún, ẹkún ọ̀hún ò dá mọ́. Ará yàrá kejì ń fi bàtà lu ògiri. Bàbá ẹ jáde lọ dúró síta bíi pé òun kọ́ ló lọmọ (mo ti dárí jì í, ṣùgbọ́n n ò gbàgbé). Mo pọ̀n ẹ́, mo sọ ẹ́, mo fún ẹ lọ́mú tí mo ti já lẹ́nu ẹ láti oṣù mẹ́rin, o tì í dànù. Nígbà tó yá ó sú mi, mo bọ́ ìró tí mo fi rìnrìn àjò, ìró tó ti gba òógùn àti eruku àti òórùn ẹja yíyan tí mo ti ń dáná fi ró nílé, mo fi wé ẹ. O ki imú bọ̀ ọ́. O mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan báyìí, hììì, ọwọ́ ẹ dẹ̀, o sùn. Aago 2 ti kọjá.

Torí náà ohun àkọ́kọ́: má fọ aṣọ tí Àjàní fi ń sùn. Mo mọ̀ ẹ́ dáadáa, o máa fẹ́ fọ gbogbo nǹkan kí àwọn ará ilé ọkọ má bàa sọ pé o dọ̀tí. Fọ ti ẹ, fọ ti ọkọ ẹ, fi ti ọmọ sílẹ̀. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì, èmi ni mo máa ń bu omi Javel, omi tó ń sọ aṣọ di funfun, sí i, mo sì mọ bí mo ṣe máa ń bù ú, kò sí òórùn èèyàn kankan tó ń kù lára ẹ̀. Kí ni ọmọ ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ máa fi mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe ọsibítù? Ìgbà tó o bá dé, tẹ́ aṣọ ilé lé ti wọn lórí, ó parí.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ẹ kúrò ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní kùtùkùtù kẹ́ ẹ lè bá bọ́ọ̀sì àárọ̀ ní Kútọnu. Oorun ọ̀sán ni kó sùn nínú ọkọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré, bẹ́ ẹ bá fi máa dé Tchaourou kó ti jí, torí láti ibẹ̀ ó ku bí kìlómítà 60 péré kẹ́ ẹ dé Parakou, bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti wá sùn, ohun tó ṣe mí lọ́dún 1995 ló máa ṣe ẹ́. Fi òkè Ìdáàṣà hàn án, fi òkè Ṣábẹ̀ẹ́ hàn án, fún un ní ìrèké, kọ orin. Ọmọ tó bá ti kọjá àkókò oorun ẹ̀, ara ẹ̀ á gbé agbára èké dìde, ìyẹn ló ń fi ń sáré, ẹ̀yin á rò pé kò rẹ̀ ẹ́. Àwọn dókítà sọ pé ọmọ ọdún 1 sí 2 nílò oorun wákàtí 11 sí 14 lójúmọ́, oorun ọ̀sán wà nínú ẹ̀. Ìwọ ṣírò ẹ̀: bó bá sùn wákàtí 1 àbọ̀ lọ́sàn-án, tó sì ń jí ní aago 6 àbọ̀ àárọ̀, tó bá sùn ní aago 8 alẹ́ ó ti rí 12. Aago 10 ńkọ́? Ó ti jìn sí kòtò nìyẹn.

Kó o tó sanwó, pè wọ́n, bèèrè yàrá tó wà lẹ́yìn, tó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń mutí. Wọn ò ní sọ fún ẹ bí o ò bá bèèrè, yàrá tó wà lókè ibi ìmutí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fún àlejò tí kò bá bèèrè nǹkan kan. Bèèrè bóyá wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì ọmọdé. Bí wọ́n bá ní, gbọ̀n ọ́n wò, kó má mì, kí mátíràsì ẹ̀ kún inú ẹ̀ láìsí àlàfo. Bí wọn ò bá ní, ní kí wọ́n fún ẹ ní mátíràsì kékeré kan, tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní igun, ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tẹ́ ẹ gbé dání lé e, kó o ki etí ẹ̀ sábẹ́ mátíràsì. Má sọ pé klíma wà (ohun táwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ẹ́ẹ̀sì) pé ẹ̀fọn ò ní wọlé. Ẹ̀fọn ibà òru ló ń jẹ, iná sì lè lọ nígbàkigbà. Klíma yẹn náà, má ṣe é bí ọjà ẹja dídì, fi sí 25 tàbí 26, kó má fẹ́ lu ọmọ. Bó bá jẹ́ fáànù ni, ó tiẹ̀ dáa, ariwo ẹ̀ tó ń lọ bákan náà máa bo ohùn àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ní kọ́rídọ̀.

Bẹ́ ẹ bá ti wọlé, kúnlẹ̀. Mo ní kúnlẹ̀, wo yàrá yẹn láti ibi tí ojú Àjàní mọ. Wàá rí ojú iná tó wà nísàlẹ̀, okùn kẹ́tùlù iná tí wọ́n fi ń se omi tíì, fèrèsé tí kò ní irin, bọ́kẹ́ẹ̀tì omi nínú balùwẹ̀. Èmi tí mò ń gbálẹ̀ yàrá wọ̀nyẹn lójoojúmọ́, ìgbà tí mo kúnlẹ̀ wá yẹtí mi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo tó rí wáyà tó ti bó síta. Gbé gbogbo ẹ̀ kúrò kó tó di alẹ́. Kó ṣeré níbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣì mọ́, kó jókòó sórí mátíràsì ẹ̀, kó ju bọ́ọ̀lù, kí yàrá yẹn má lọ jẹ́ ohun tó máa kọ́kọ́ rí nínú òkùnkùn.

Alẹ́ ìgbéyàwó ni ìjà máa wà. Bí aago 7 bá ti lù, dìde. Wọ́n á sọ̀rọ̀. Wọ́n á ní ìyàwó Àjàṣẹ́ yìí ti ń gbéra ga, kò lè jókòó ti ẹbí. Jẹ́ kí wọ́n sọ, tó bá dọ̀la wọ́n á ti gbàgbé torí wọ́n á máa jà lórí ẹran. Lálẹ́ kan kí ọkọ ẹ náà gbé e lọ, má rẹ́rìn-ín, ọkùnrin náà lè kọrin fọ́mọ. Ohun tẹ́ ẹ bá ń ṣe nílé ni kẹ́ ẹ ṣe, bó ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn gan-an: bí ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tó fi òrí pa á, ẹ má gbé òrí síwájú omi, ògì ẹ̀, omi díẹ̀ láti fi ṣan ẹnu, orin kan náà, iná pípa. Má gbé ìgò mílíìkì sí i lẹ́nu kó máa fi sùn, eyín ẹ̀ máa jẹrà. Pa tẹlifíṣọ̀n. Kọ́tìnnì òtẹ́ẹ̀lì kì í pàdé láàárín, iná ọgbà máa ń gba ibẹ̀ wọlé, fi ohun tí wọ́n fi ń gbá aṣọ mú lórí okùn gbá a mú, méjì ti tó.

Ẹ̀yin méjèèjì ńkọ́? Balùwẹ̀. Ẹ ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ máa sọ ẹjọ́ ìgbéyàwó yín wúyẹ́wúyẹ́. Mo máa ń bá èèpo ẹ̀pà níbẹ̀ láàárọ̀, màá ti mọ̀ pé tọkọtaya ọlọ́mọ ló sùn sí yàrá yẹn, mi ò kí ń bínú sí wọn.

Bó bá jí lóru, ó máa jí o, má tanná, má gbé e jáde, má gbé fóònù fún un. Fi ọwọ́ lé e láyà, sọ ọ̀rọ̀ tó o máa ń sọ nílé. Dúró. Ó lè tó ogún ìṣẹ́jú. Bó bá kọ̀ pátápátá tó o sì gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì yín, ilẹ̀ ò ní ya, ṣùgbọ́n bí ọkọ ẹ bá ti mutí níbi ìgbéyàwó, òun ni kó lọ sùn sórí mátíràsì ilẹ̀, ọmọ ò gbọdọ̀ sùn ti ẹni tó ti mutí. Sọ fún un pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá padà sí Àjàṣẹ́, ó lè ṣe kúrákúrá fún alẹ́ méjì, mẹ́ta. Tún bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀, má dá a lóhùn jù.

Awakọ̀ kan ń bọ̀ ní Àjàṣẹ́ lọ́la, ọmọ ìyàwó àbúrò mi ni, mo ti fi àpò gàrí kan àti ìró kan rán an sí ẹ. Ìró tí mo fi pọ̀n ọ́n nígbà tẹ́ ẹ wá kí mi ní Kétu ni, ó sùn sí mi lẹ́yìn títí tí ìdí fi ń ro mí. Ó ṣì ń rùn èéfín àti òrí. N ò fọ̀ ọ́. Ìwọ náà má fọ̀ ọ́.

Ìyá ẹ, ní Kétu