Ọkọ kọ́ ló ń sọ obìnrin di Madame

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú ìwé ìròyìn yín tó jáde kẹ́yìn, mo kà á pé ní èdè Faransé, Madame ni obìnrin tó lọ́kọ, Mademoiselle ni èyí tí kò tíì lọ́kọ. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nílé ìwé nìyẹn, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Lyon, ìlú kan nílẹ̀ Faransé, ni mo wà lọ́dún 2009. Mo ti pé ọdún 38, mi ò lọ́kọ, ewú sì ti ń yọ lẹ́bàá etí mi. Mo lọ gba ìwé kan ní ọ́fíìsì ìjọba. Ọmọbìnrin tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà bi mí pé, "Madame àbí Mademoiselle?" Ó gbé ìka dúró lórí bọ́tìnnì, ó ń wo ẹnu mi. Ọkùnrin tó wà níwájú mi lórí ìlà, Monsieur, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni, ni wọ́n kọ fún un, ẹnikẹ́ni ò bi í bóyá ó níyàwó. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé ilé.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 2012, François Fillon tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà pàṣẹ pé kí wọ́n yọ Mademoiselle kúrò nínú fọ́ọ̀mù ìjọba, kí wọ́n sì yọ "nom de jeune fille" pẹ̀lú, ìyẹn orúkọ tí obìnrin ń jẹ́ nílé bàbá rẹ̀. Ẹgbẹ́ obìnrin méjì, Osez le féminisme àti Chiennes de garde, ti ń pariwo ọ̀rọ̀ náà láti 2011. Kò sófin tó ní kí ará ìlú má pe ọmọge ní Mademoiselle o. Mademoiselle náà ni wọ́n ń pe Coco Chanel, aránṣọ olókìkí ilẹ̀ Faransé, títí tó fi kú lẹ́ni ọdún 87 ní 1971, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn.

"Ma dame" ni Madame ti ṣẹ̀ wá, bí ẹni ń wí pé "olúwa mi obìnrin". Ọ̀rọ̀ ọlá ni, kò sí ọkọ nínú rẹ̀. Ní ọjà Bódìjà, ewú orí mi ni àwọn aláta ń wò tí wọ́n fi ń pè mí ní Màmá. Wọn kì í bèèrè ọkọ.

Nítorí náà, bí akọ̀ròyìn yín bá tún fẹ́ kọ nípa obìnrin ilẹ̀ Faransé, kó kọ Madame, àfi bí obìnrin náà bá ní òun ò fẹ́. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ tún Omidan àti Ìyáàfin tí ẹ̀ ń kọ síwájú orúkọ tiwa náà wò, torí Ọ̀gbẹ́ni kan náà lẹ̀ ń kọ fún gbogbo ọkùnrin.

Olùkọ́ èdè Faransé,
Ìbàdàn